Ẹ̀wà Fáfà, Òtílí àti Ẹ̀wà Tó Kọ̀ Tí Kò Rọ̀: Ìdáhùn sí Lẹ́tà Yín

Ẹ ọ̀kun o, ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Kàbà, ní Ìjùmú, ní ilẹ̀ Yàgbà títí dé Lọ́kọ́jà. Nínú àwọn lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ti ẹ̀wà ló pọ̀ jù, nítorí náà ẹ̀wà nìkan la máa sọ. Ife tí a ń dárúkọ nísàlẹ̀ ni ife tó gba mílílítà 250. Ẹ̀wà gbígbẹ tó kún un máa ń wọ̀n tó nǹkan bíi gíráàmù 200. Ẹni tó ń fi múdù wọn tirẹ̀, kó fi ife wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ iye tó wà nínú rẹ̀, torí múdù kò dọ́gba láti ọjà dé ọjà.

"Ọmọ mi tó ń kàwé ní Íjíbítì fi ẹ̀wà kan ránṣẹ́ sí mi. Ó tóbi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ojú dúdú kan sì wà létí rẹ̀. Mo sè é fún wákàtí méjì bí mo ṣe ń se ẹ̀wà olóyin. Èèpo rẹ̀ kò rọ̀, omi rẹ̀ dúdú, ó sì korò lẹ́nu díẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"
Ìyá oníṣòwò, Kàbà

Màmá, kò bàjẹ́. Ẹ̀wà fáfà ni. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní fúùlù. Ìbátan ẹ̀wà tiwa ni, kì í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, ìyẹn ló fà á tí ọgbọ́n ẹ̀wà olóyin kò fi ràn án. Èèpo olóyin fẹ́lẹ́: ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fi ọwọ́ ra á, ó ti bó. Èèpo fáfà nípọn, inú èèpo yẹn gan-an sì ni èròjà tó ń mú ẹnu korò bí ẹni jẹ obì tútù wà. Òun ló sọ omi yín di dúdú.

Kí ẹ tó gbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ka ìdáhùn tó tẹ̀lé èyí, torí ó ní ẹni tí kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ rárá.

Ẹ ṣa ife méjì, ẹ yọ èyí tó fọ́ tàbí tó ní ihò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ife mẹ́jọ láti àṣálẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wákàtí 12 ló kéré jù, 18 sàn jù ú lọ. Lásìkò ooru, ẹ pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kan. Ẹ mú ẹyọ kan, ẹ gé e sí méjì: bí àárín rẹ̀ bá ṣì funfun tó le, kò tíì mumi tán. Ẹ da omi rírẹ nù pátápátá. Ẹ da omi tuntun sí i kó ga ju ẹ̀wà lọ ní ìwọ̀n oríkèé ìka méjì, ẹ jẹ́ kó hó gan-an, ẹ bu ìfófòó orí rẹ̀ dànù, lẹ́yìn náà ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Yóò gbà tó wákàtí kan àbọ̀ sí méjì. Bí omi bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kí ẹ fi kún un. Ẹ má fi tòmátì tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí tí ẹyọ kan yóò fi tẹ̀ láàárín ìka àtàǹpàkò àti ìka ìtọ́ka yín láìjà.

Ohun táwọn ará Íjíbítì ń ṣe lẹ́yìn èyí kò ṣòro. Wọ́n á fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ bí ìdá mẹ́ta ẹ̀wà náà kan kí omi rẹ̀ lè ki, wọ́n á da aáyù tí wọ́n ti gún sí i (ẹ̀rún méjì tó fún ife méjì), iyọ̀ ṣíbí ìpotíì kan àti èròjà tí wọ́n ń pè ní kúmíìnì, tí ẹ lè rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà ọbẹ̀ ní Lọ́kọ́jà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ kalẹ̀ ni wọ́n ń fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí wọ́n á sì da òróró ṣíbí ńlá méjì lé e lórí. Fúùlù mudámasì ni orúkọ rẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ wọn ni, búrẹ́dì ni wọ́n sì fi ń jẹ ẹ́. Ní tiwa, iṣu sísè bá a mu ju búrẹ́dì lọ, pàápàá iṣu tuntun tó funfun bíi lẹ́búlẹ́bú. Bí ẹ bá fẹ́ fi epo pupa àti àlùbọ́sà díndín ṣe tiyín, kò sí ohun tó ń dí i lọ́wọ́; ẹ kàn yọ ọsàn wẹ́wẹ́ kúrò.

Àkàrà tiwọn tún wà, táámíyà. Fáfà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, tó ti là sí méjì, ni wọ́n ń lò fún un. Bí tiyín bá ní èèpo, lẹ́yìn rírẹ, ẹ da omi híhó lé e fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi èékánná ya ẹnu èèpo ní ìdí ojú dúdú yẹn, ẹ fún un: inú rẹ̀ yóò yọ jáde bí èso àgbálùmọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ẹ pe àwọn ọmọ ilé sí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ nínú ajọ̀, kí ẹ wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú àlùbọ́sà kan, aáyù mẹ́ta, ewé àlùbọ́sà àti ewé efinrin díẹ̀, láìbu omi sí i rárá. Kò ní kúnná bí ẹ̀wà àkàrà, kò sì ní fófòó bíi tirẹ̀, nítorí náà ẹ fi páúdà ìṣebúrẹ́dì (baking powder) ìdajì ṣíbí ìpotíì sí i. Ẹ mọ ọ́n pẹlẹbẹ bíi masà kékeré, ẹ dín in nínú òróró gbígbóná. Tútù la ń lọ̀ ọ́ o, a kì í sè é tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sè é kó tó lọ̀ ọ́ yóò rí i tó ń tú ká nínú òróró, torí ohun tó yẹ kó dì í mú nígbà tí iná bá kàn án ti jinná tán nínú ìkòkò.

"Wọ́n ní ẹ̀wà fáfà ń pa ọmọdé. Ṣé òótọ́ ni, àbí àsọdùn?"
Bàbá kan, Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀

Bàbá, òótọ́ wà nínú rẹ̀, ó sì kan àwa aláwọ̀ dúdú gidigidi. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní tó nínú èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. G6PD ni àwọn dókítà ń pe èròjà náà. A bí i mọ́ wọn ni, kì í ràn. Lára ìyá ni ọmọkùnrin ti ń gbà á, àwọn ọkùnrin ló sì ń hàn lára wọn jù. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà ti wọ́pọ̀, ilẹ̀ wa sì jẹ́ ọ̀kan. Nínú fáfà, èròjà méjì wà, vicine àti convicine, tó ń di ohun tí ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bó bá dé inú. Rírẹ àti sísè máa ń dín wọn kù, kò lè mú wọn tán. Ti tútù burú ju ti gbígbẹ lọ.

Láàárín ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ara ọmọ yóò di ahẹrẹpẹ, ojú rẹ̀ yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò funfun, ìtọ̀ rẹ̀ yóò sì dúdú bí omi zobo. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni, kì í ṣe àgbo. Kí ẹ sọ fún dókítà pé ó jẹ fáfà; ọ̀rọ̀ yẹn yóò gba àkókò là.

Ẹ̀wà tiwa, olóyin, funfun, òtílí, kò ní ewu yìí. Àmọ́ kánfọ̀ róbótó tí à ń sọ sínú àpótí aṣọ ọmọ ní ewu yìí. Òórùn rẹ̀ lára aṣọ nìkan tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun tó ní àìtó G6PD, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti sọ fún rí pé kánfọ̀ tàbí oògùn ibà kan da ẹ̀jẹ̀ òun rú, kó má jẹ fáfà. Ẹni tí kò mọ̀, kó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Ó níye ilé ìwòsàn tó ń ṣe é. Ọmọ ọwọ́ kò ní ohun tí ó ń fi fáfà ṣe.

"Ẹ̀wà tí mo rà, wákàtí mẹ́ta lórí iná, kò rọ̀. Mo ti da ata àti tòmátì sí i látìbẹ̀rẹ̀ kó lè bá a jinná pọ̀. Ìyá ọkọ mi ní kí n fi kán-ún sí i, aládùúgbò mi ní kán-ún kò dáa. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?"
Ìyàwó ilé, Ìsánlú

Ìyàwó wa, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ti tòmátì ná. Ohun tó bá kan lẹ́nu ń mú kí ara ẹ̀wà di líle. Bó bá ti wọ inú ìkòkò kí ẹ̀wà tó rọ̀, ẹ lè fi igi ilé kan tán sídìí rẹ̀. Ata, tòmátì àti ohunkóhun tó kan, lẹ́yìn tí ẹ̀wà bá ti rọ̀ ni.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí ẹ̀wà. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, bí irú èyí tó ti lo òjò kan lórí ilẹ̀ ilé, ara rẹ̀ á ti so pọ̀ bíi sìmẹ́ǹtì, omi lásán kò sì lè tú u mọ́. Ẹ wò ó kí ẹ tó rà á: olóyin tuntun mọ́lẹ̀ lójú, ó sì ń dán, èyí tó ti gbó ṣú, èèpo rẹ̀ hunjọ, ìyẹ̀fun díẹ̀ sì máa ń wà nísàlẹ̀ àpò. Ẹ má ṣe po tuntun mọ́ ti tẹ́lẹ̀ nínú ìkòkò kan. Tuntun yóò ti yọ́ di ọbẹ̀ nígbà tí àtijọ́ ṣì ń dún bí òkúta.

Ohun kẹta ni omi. Bí ọṣẹ kò bá fófòó dáadáa nínú omi kànga yín, omi líle ni, yóò mú ẹ̀wà le pẹ̀lú. Omi òjò ni kí ẹ fi sè é bó bá wà.

Wàyí o, kán-ún. Ìyá ọkọ yín kò parọ́: kán-ún ń tú ohun tó so ẹ̀wà pọ̀ yẹn, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ jù fún ẹ̀wà tó gbó. Aládùúgbò yín náà kò parọ́: ó ń pa fítámì B kan tí ara nílò, bó bá sì pọ̀, ẹ̀wà á yọ̀ bí ọṣẹ, á dúdú, á sì korò. Ìdámẹ́rin ṣíbí ìpotíì fún ife méjì ti tó, kó má sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ́ ọ sínú omi gbígbóná, ẹ jẹ́ kó tòrò, omi òkè nìkan ni kí ẹ dà sí i, torí iyanrìn máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Fún ẹ̀wà tuntun, a kò gbà yín níyànjú láti lò ó rárá.

Ọ̀nà tó sàn jù ni pé kí ẹ rẹ ẹ̀wà náà mọ́jú nínú omi tí ẹ fi iyọ̀ ṣíbí ìpotíì kan sí fún ife méjì. Ọ̀pọ̀ ló gbàgbọ́ pé iyọ̀ ń mú ẹ̀wà le, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú omi rírẹ ń mú èèpo rọ̀ ni. Ẹ da omi náà nù, ẹ fi omi tútù ṣàn án, kí ẹ tó gbé e kaná. Ẹni tó fẹ́ dín igi tàbí gáàsì kù, kó jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 30, kó gbé ìkòkò pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ sínú kúlà tàbí agbọ̀n tó kún fún aṣọ gbígbẹ, kó fi aṣọ bò ó dáadáa fún wákàtí méjì. Ẹ̀wà tó ti rẹ mọ́jú yóò jinná nínú ooru ara rẹ̀. Ìkòkò préṣà ń ṣe é ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kí ẹ̀wà àti omi má kọjá ìdajì ìkòkò, torí èèpo tó bá léfòó lè dí ihò tí ooru ń gbà jáde.

"Àkàrà mi ń pẹlẹbẹ, ó sì ń mu òróró bí kàn-ìn-kàn-ìn. Àwọn oníbàárà ti ń sọ̀rọ̀."
Aláàkàrà, Ẹ̀gbẹ̀

Omi ló kọ́kọ́ ń ba àkàrà jẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá bó èèpo tán, kí ẹ̀wà wà nínú omi fún ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí kan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá sùn sínú omi ti bẹ̀rẹ̀ sí kan, kò ní fófòó mọ́. Fún ife mẹ́ta, omi tí ẹ fi lọ̀ ọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìdajì ife sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ. Ibi ẹ̀rọ ọjà lewu wà: ẹni tó ń lọ̀ ọ́ fẹ́ kó tètè ṣàn, ó ń da omi sí i láìwọ̀n. Ẹ gbé omi tiyín lọ nínú ike, ẹ dúró tì í, ẹ ní kó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó sì tó da tiyín sí i, kó fọ ẹnu ẹ̀rọ; ògì tàbí ata gbígbẹ tó kù nínú rẹ̀ ń dí ìfófòó lọ́wọ́.

Pípò ló kù. Nínú odó tàbí abọ́ ńlá, ẹ fi ọmọ odó tàbí ọwọ́ po ó sọ́nà kan náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Yóò funfun sí i, yóò wú, yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wá kán ìkán kan sínú ife omi: bó bá léfòó, ó ti tó, bó bá rì, ẹ tún un pò. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà tí ẹ gé, ẹ kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n sí i títí òróró fi gbóná, kí ẹ sì fi sí ìwọ̀n tí ẹ máa dín lẹ́sẹ̀ kan nìkan. Iyọ̀ ń fa omi jáde, bí ó bá pẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, àwọn tí ẹ dín kẹ́yìn á pẹlẹbẹ.

Òróró gbọ́dọ̀ jìn tó ìka mẹ́ta ní fífẹ̀. Ẹ ju ègé àlùbọ́sà kan sí i: kó rì díẹ̀, kó sì dìde pẹ̀lú ìhó wẹ́wẹ́ lójú kan náà. Bó bá jókòó sísàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná, àkàrà á sì mu ún. Bí ẹ bá da púpọ̀ jù sí i lẹ́ẹ̀kan, òróró á tutù, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń sọ òróró di mímu kì í ṣe ẹ̀wà nìkan o: òróró tó ti dúdú, tó ń hó ìfófòó kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ dà á nù.

"Ṣé a lè gbin fáfà nílẹ̀ Yàgbà? Òtílí ti àwọn bàbá wa ńkọ́, kí ló dé tí kò wọ́pọ̀ lọ́jà mọ́?"
Bàbá àgbà, Mọ̀pà

Bàbá, ibi tó tutù ni fáfà fẹ́: Íjíbítì ń gbìn ín lásìkò òtútù, àwọn ará Etiópíà ń gbìn ín lórí òkè wọn. Òdòdó rẹ̀ a máa já bọ́ bí ooru bá pọ̀, ọyẹ́ tiwa kò sì pẹ́ tó fún un. Ẹ má fi ilẹ̀ yín ṣòfò.

Òtílí ló mọ ilẹ̀ yìí. Gbòǹgbò rẹ̀ jìn, ó ń fara da ọ̀dá, igi rẹ̀ ṣeé dáná, ewé rẹ̀ tó bọ́ ń fún ilẹ̀ lókun. Ohun tó lé e kúrò nínú ìkòkò ọ̀pọ̀ ilé ni pé ó ń pẹ́ lórí iná. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ se é fún ìṣẹ́jú 20, ẹ da omi àkọ́kọ́ nù torí ó korò, ẹ fi omi tuntun se é fún wákàtí kan àbọ̀. Èyí tó ṣì tutù nínú èèpo rẹ̀ kò nílò rírẹ, ìṣẹ́jú 40 ti tó. Fún iṣu tí ẹ gé wẹ́wẹ́, ìgbà tí òtílí bá kù díẹ̀ kó jinná ni kí ẹ dà á sí i, kí epo pupa, edé àti ata tẹ̀ lé e. Adùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà, ó ní òórùn igbó díẹ̀, àwa sì fẹ́ràn rẹ̀ ju olóyin lọ nínú iṣu.

"Mo ra ẹ̀wà pupa ńlá inú páálí ní ṣọ́ọ̀bù, mo fi sínú ìkòkò iná mànàmáná tó ń se oúnjẹ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo àwa tá a jẹ ẹ́ nínú yàrá ló bì."
Akẹ́kọ̀ọ́, Lọ́kọ́jà

Ẹ̀wà yẹn, tó dà bí kíndìnrín, ní májèlé nínú, iná kékeré kì í sì pa á. Ó tilẹ̀ lè mú un lágbára sí i. Ẹ̀wà mẹ́rin sí márùn-ún tí kò jinná tó láti mú ènìyàn bì láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kó hó kíkankíkan nínú omi tuntun fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó dín iná kù. Ọgbọ́n agbọ̀n àti aṣọ tí a sọ lókè kò bá irú ẹ̀wà yìí mu.

"Ọkọ mi kì í jẹ ẹ̀wà lálẹ́ torí inú rẹ̀ máa ń wú."
Ìyàrà

Ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí inú wa kò lè dà, àwọn kòkòrò ìfun ló ń jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀. Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ da omi rẹ̀ nù, ẹ bó èèpo rẹ̀ nígbà tó bá ṣeé ṣe. Gbẹ̀gìrì àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ rọrùn fún un ju ẹ̀wà sísè lásán lọ. Kó máa jẹ ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta lọ́sẹ̀, inú rẹ̀ yóò mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀.

"Kòkòrò jẹ àpò ẹ̀wà wa láàárín oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní kí n fọ́n oògùn sí i."
Ìyámoyè

Ẹ má fọ́n ọn. Oògùn apẹ̀fọn àti apakòkòrò ilé kì í ṣe ti oúnjẹ. NAFDAC ti kìlọ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í kúrò tán nínú fífọ̀ àti sísè, ó sì ń pa ènìyàn.

Ẹyin kòkòrò yìí ti máa ń wà lára ẹ̀wà láti oko. Bó bá jẹ́ múdù méjì sí mẹ́ta, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin láìsí ìdádúró iná, kí ẹ wá dà á sínú ike tó dé pinpin. Bó bá jẹ́ àpò, ẹ sá a kó gbẹ débi pé yóò dún kẹ̀ lábẹ́ eyín. Ẹ wá lo àpò onípele mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní PICS: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ so ọ̀rá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má sì ṣí i fún oṣù méjì. Kòkòrò inú rẹ̀ yóò mí afẹ́fẹ́ tó kù tán, yóò sì kú. Kẹ́ẹ̀gì tàbí dúrọ́ọ̀mù tó dé pinpin ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bó bá kún dé ẹnu.

Èyí tí kòkòrò ti lu, ẹ dà á sómi: èyí tó bá léfòó, inú rẹ̀ ti di òfìfo, ẹ bù ú dànù. Èyí tó rì, ẹ fi ṣe gbẹ̀gìrì láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ẹ má fi ṣe àkàrà, torí kò ní fófòó.